Ó ti kúrò nílé ọkọ tó ń fìyà jẹ ẹ́, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àbúrò mi obìnrin gbé ilé ọkọ ní Ifẹ̀ fún ọdún méje. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọkọ rẹ̀ nà án, ìgbà kejì ló fún un lọ́rùn, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń bú u, ó ń yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó sì ń gba gbogbo owó tó bá pa ní ṣọ́ọ̀bù, títí tó fi ń tọrọ owó páàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tó ti kó padà wá sọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń bú u níbí, síbẹ̀ kì í sùn lóru. Bí géètì bá dún, á ta gìrì. Ó máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kó tó mu omi inú fíríìjì. Ó ń gbàgbé nǹkan, ó ní nǹkan ń rìn nínú orí òun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá àbúrò mi níbi tó ti ń sunkún, ó ní àárò ọkọ òun ló ń sọ òun. Ìyá wa, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, ní wọ́n ti ṣe é ni, ká gbé e lọ sórí òkè. Ó tún ní ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni, pé gbogbo àwọn ló fara dà á. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní àṣejù ló ń ṣe, pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n tilẹ̀ nà án. Ẹbí ọkọ ti wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí la máa ṣe? Àbí orí rẹ̀ ti ń dàrú ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, orí àbúrò yín kò dàrú. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń já yín láyà jù, bí ẹ tilẹ̀ fi í sí ìparí lẹ́tà. Àìsàn ló ń ṣe é, àìsàn náà lórúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Mo ti rí obìnrin púpọ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n ń ṣòwò wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n kò ní í lọ nítorí pé ó ti kó ẹrù kúrò nílé ọkọ nìkan. Ibẹ̀ ni ẹ ti ṣì í lóye, gbogbo yín pátá. Ẹ rò pé ilé ọkùnrin yẹn ni ìyà náà wà, pé bó bá ti kúrò níbẹ̀, ó bùṣe. Ọdún méje ló fi kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gbé pẹ̀lú ẹ̀rù. Ohun tí ara bá fi ọdún méje kọ́, kì í gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé Iléṣà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin lóhùn. Ó ń béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n nà án. Ẹ bá mi bi í pé, nínú ọdún méje, ọjọ́ mélòó ni àbúrò rẹ̀ jí tí kò retí pé wọ́n lè na òun? Nínà ẹ̀ẹ̀mejì ti tó láti jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta lè dé nígbàkúgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin náà kò tún ní láti gbọ́wọ́ sókè mọ́. Á kàn dákẹ́ ní irú ọ̀nà kan, tàbí kó wo abọ́ ọbẹ̀ ní ìwò kan, obìnrin á ti mọ ohun tó kù. Obìnrin kan tí mo tọ́jú sọ fún mi pé bí ọkọ òun bá ti wọlé, bó bá ṣe ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì ni òun fi ń mọ̀ bóyá òun máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá rọra gbé e kalẹ̀, ó dára. Bó bá jù ú tó dún gbàgàdà, á yára kó àwọn ọmọ wọ yàrá, á bu omi tútù, á sì dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì níbi tí ọkọ ti lè rí i pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ọkọ yẹn kò fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àwọn aládùúgbò wọn ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Ọ̀mọ̀wé Evan Stark ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé irú ìgbéyàwó báyìí ní 2007. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé lílù kọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni pé ọkùnrin gba ayé obìnrin mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀: owó rẹ̀, fóònù rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìgbà tó máa jáde, ohun tó máa wọ̀. Ẹ wo ti owó tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ òṣómàálò, tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀, tí wọn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn á fi pé, òun ló wá di ẹni tó ń tọrọ owó páàdì nínú èrè ọjà tirẹ̀. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ kò lè lọ síbì kankan, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òun nìkan kọ́, bí èyí bá lè dín ìtìjú yín kù. Nínú NDHS, ìwádìí ńlá nípa ìlera àwọn ìdílé, tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó ti lọ́kọ rí ló sọ pé ọkọ ti fìyà jẹ àwọn rí, yálà ó lù wọ́n, ó bá wọn sùn tipátipá, tàbí ó fi ọ̀rọ̀ àti ìdójútì jẹ wọ́n níyà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ láti 2013 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ni ìsoríkọ́ fi máa ń ṣe irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ju àwọn tí ọkọ wọn kò fìyà jẹ lọ.

Ní báyìí, ohun tó ń ṣe é. Láti inú lẹ́tà nìkan, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà, ẹni tó bá rí i lójúkojú ló lè sọ ọ́ dájú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ jọ nǹkan méjì tó wọnú ara wọn. Èkíní ni ìsoríkọ́. Èkejì ni ohun tí à ń pè ní PTSD, ìyẹn ni pé ewu ti kọjá, ṣùgbọ́n ara kò gbà pé ó ti kọjá. Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ amygdala, ewu ló ń ṣọ́. Bó bá ti fura, kì í dúró gbọ́ àlàyé. Kíá ni èròjà adrenaline àti cortisol á ti tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ọrùn á le gan-an, oorun á dá lójú. Ajá tí olè ti wọlé tọ̀ wá rí, gbogbo ẹni tó bá ṣí géètì ló ń gbó mọ́ lẹ́yìn náà, títí kan ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Nítorí náà, bí géètì yín bá dún tó sì ta gìrì, ẹ̀yin kọ́ ló ń sá fún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóru, kò wúlò kí ẹ sọ pé “kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù, ṣebí ilé bàbá rẹ lo wà?” Ó mọ̀ pé ilé bàbá òun ni. Ohun tó ṣe é láǹfààní ni kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ́kọ́ pè, kó sọ pé “èmi lágbájá ni mo ń bọ̀ o.” Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ wò ó.

Omi inú fíríìjì yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo lẹ́tà yín. Àgbàlagbà obìnrin, ìyá ọmọ, ń tọrọ omi mu nílé àwọn òbí rẹ̀. Kì í ṣe ìwà ìrẹ̀lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ín fún un. Fún ọdún méje, gbogbo ìgbà tó bá dá nǹkan ṣe láìbéèrè, ó san gbèsè rẹ̀. Kò wá sí ọgbọ́n mìíràn ju kó má dá ohunkóhun ṣe mọ́. Bí ẹ bá wá ń dá a lóhùn pé “mu ún, mo fún ọ láyè,” ẹ ti di ọ̀gá tuntun fún un nìyẹn, bí ẹ tilẹ̀ ń fi ìfẹ́ ṣe é. Ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé gbogbo ohun tó wà nílé yìí tiwa ni, tìẹ náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá tún béèrè, ẹ fi ìbéèrè dá a lóhùn: “Kí ló wù ẹ́?” Á kọ́kọ́ dúró, kò ní í rí nǹkan sọ. Ẹ má bá a sọ ọ́, ẹ dúró dè é. Ká tún kọ́ bí a ṣe ń mọ ohun tó wù wá kì í yá, ṣùgbọ́n orí irú nǹkan bí omi mímu àti irú ọbẹ̀ tí a ó sè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ lórí pé ṣé kó kọ ọkọ sílẹ̀ tàbí kó má kọ̀ ọ́.

Nípa ohun tó ń rìn nínú orí. Ìyá yín gbọ́ ọ, ó ní wọ́n ti ṣe é. Mo mọ ibi tó ti mú un wá, àwọn àgbà wa ti mọ àìsàn yìí tipẹ́, ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola, dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ níbí, tó sì di gíwá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, tẹ ìwádìí jáde ní 1987 lórí àwọn tí ọdẹ orí ń ṣe: nǹkan ń rìn lórí wọn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sára, etí ń hó, àyà ń já. Ohun tó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ ni ìsoríkọ́ tàbí àìbàlẹ̀ ọkàn. Àwa Yorùbá kì í sábà wọlé tọ dókítà ká ní “ọkàn mi bàjẹ́.” Orí tó gbóná, ara tó ń já wa jẹ ni à ń gbé lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ obìnrin bíi tirẹ̀ fi ti gba abẹ́rẹ́ ibà àti oògùn taifọ́ọ̀dù títí, tí kò sì sí èyí tó ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè pé báwo ni ilé.

Ti ìgbàgbé yàtọ̀ díẹ̀. Àìsùn nìkan lè fà á, ìsoríkọ́ náà lè fà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọjá lọ pé ọkùnrin náà fún un lọ́rùn. Ẹ dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá fún ènìyàn lọ́rùn, afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọpọlọ dáadáa ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ó sì lè ṣe ọpọlọ ní jàǹbá láìsí ojú ọgbẹ́ kankan lára. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà ní pàtó: ṣé ojú rẹ̀ ṣú lọ́jọ́ náà, ṣé ó tọ̀ sára, ṣé ohùn rẹ̀ há lẹ́yìn rẹ̀, ṣé wọ́n ti gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri rí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, tún fi hàn pé obìnrin tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ti fún lọ́rùn rí, ewu pé ọkùnrin náà yóò pa á lọ́jọ́ mìíràn fi nǹkan bí ìlọ́po méje pọ̀ sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹbí ọkọ bá tún dé.

Ó ní àárò ọkọ ń sọ òun, ẹ̀yin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ẹ fara balẹ̀. Obìnrin tí ọkọ ń lù tún ń sunkún nítorí ọkọ, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ní 1979, Lenore Walker, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí ó ṣe máa ń yí po: ilé á kọ́kọ́ le, gbogbo ènìyàn á máa rìn jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà wàhálà á bẹ́, lẹ́yìn wàhálà, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, á sunkún, á ra súyà wálé, á pè é ní orúkọ tó ń pè é nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí ẹ̀bẹ̀ kì í sí rárá. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti wà, ẹni tó dẹ́rù bà á náà ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò sì sí ẹlòmíràn lágbègbè rẹ̀ tó lè rẹ̀ ẹ́, torí ọkùnrin náà ti lé gbogbo wọn. Àwọn ọjọ́ súyà yẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó tún ń ṣọ̀fọ̀. Ó fi ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tàbí márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n lọ sílé ọkọ, bí ọ̀pọ̀ wọn, ó wọ aṣọ òfì, wọ́n gbàdúrà fún un, ó ní ilé tó rò pé òun máa kọ́. Ìyẹn ti kú. Bí ẹ bá pariwo mọ́ ọn pé kò nítìjú, kò ní í yé ronú nípa ọkùnrin náà. Á kàn yé sọ ọ́ sí yín létí ni, á sì máa pè é nígbà tí ẹ bá ti sùn.

Ọ̀rọ̀ orí òkè wá kù. N kò bá ìyá yín jà. Iléṣà ni ìsọjí Òkè-Oòyè ti ṣẹlẹ̀ ní 1930, òkè àdúrà kì í ṣe àlejò nínú ìlú yín. Àdúrà kò dí oògùn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń tọ́jú ló ń ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ààwẹ̀ ọjọ́ gbọọrọ lé ẹni tí kò rí oorun sùn. Ẹ má fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lóun nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe fún ọkọ, ẹ fà á lọ́wọ́, kí ẹ máa bọ̀ nílé. Ó ti jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe fún ọdún méje.

Lórí ìyá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọgbọ́n ṣe é. Nígbà tó bá ń sọ pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni, pé gbogbo àwọn ló fara dà á, ẹ tẹ́tí sí gbólóhùn kejì yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí òun náà rí nílé ọkọ, kò sí ẹni tó pè é ní ìyà létí rẹ̀ rí. Bó bá gbà pé ìyà ni wọ́n fi jẹ ọmọ òun, ó di dandan kó padà wo ti ara rẹ̀, ìyẹn sì wúwo fún ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ béèrè bí tirẹ̀ ṣe rí. Mo ti rí ìyá tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n béèrè yẹn ló yí padà di agbẹjọ́rò ọmọ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni ẹ máa mú àbúrò yín lọ, kò sì yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Wesley Guild tó wà nítòsí yín ní Iléṣà jẹ́ ara OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tó ń rí gbogbo ènìyàn, ẹ sọ ìtàn náà bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí mi, kí ẹ sì ní kó darí yín sọ́dọ̀ àwọn dókítà ọpọlọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín pé ará àdúgbò á rí yín níbẹ̀. Wọ́n lè rí yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa fi ẹ̀wọ̀n dè é. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, ló rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe àwọn aláìsàn ní wèrè lásán, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún òun àti láti sọ bóyá òun fẹ́.

Wọ́n á kọ́kọ́ wo ara rẹ̀: ìfúnpá, ẹ̀jẹ̀, ọ̀fun, bóyá kò lóyún. Lẹ́yìn náà, ìtọ́jú kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn o. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà á máa bá a jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa tú ìrántí náà wò díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò ti léwu, wọ́n á máa yẹ àwọn ohun tí ọkọ fi sí i lórí wò, irú bíi “èmi ni mo mú un bínú,” títí á fi rí i pé ohùn ẹlòmíràn ni. Bí ìsoríkọ́ bá wọra, wọ́n lè fún un ní oògùn bíi fluoxetine tàbí sertraline. Kì í ṣe oògùn orun, kì í sì í di bárakú. Ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àárín ìgbà yẹn sì ni àwọn èèyàn ti máa ń jù ú nù pé kò ṣiṣẹ́. Bí ara bá tún yá, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, oṣù mẹ́fà ó kéré tán ni wọ́n sábà máa ń ní kí ènìyàn tún lò ó sí i. Oògùn tí n kò fẹ́ kí ẹ rà ni Valium tàbí Lexotan láti ọwọ́ oníkẹ́mísìtì tó wà ní kọ̀rọ̀ yín. Á sùn lóòótọ́ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Tó bá yá, kò ní í lè sùn láìsí i, ẹ ti wá ní àìsàn méjì.

Ohun kan wà tí ẹ kò kọ, bóyá ẹ kò tíì béèrè ni. Ẹ bi í, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́: “Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé kí o má sí láyé mọ́?” Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ènìyàn lórí, ìtura ló sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bú u, ẹ má dárúkọ ọ̀run àpáàdì. Ẹ kó oògùn àti ohun olóró gbogbo kúrò nílẹ̀, kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ẹ sì gbé e lọ síbi ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ó di ọ̀la.

Ọmọ tó ń tọ̀ sílé, ẹ má nà án, ẹ má sì gbé ẹní rẹ̀ sí ìta gbangba. Òun náà gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yẹn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ọkàn ìyá rẹ̀ bá ṣe ń balẹ̀ ni tirẹ̀ náà á máa balẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ tún sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ẹni tó lè wá mú un ní ilé ẹ̀kọ́ àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mú un.

Àwọn ẹlẹ́bẹ̀ ńkọ́? Èmi kọ́ ni n ó sọ pé kó padà tàbí kó má padà, ẹ̀yin náà kọ́, ẹbí kọ́. Àmọ́ ẹni tí ìsoríkọ́ ń ṣe kì í rí ọ̀la dáadáa, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbà pé ìyà tọ́ sí òun. Nítorí náà, ẹ dá àwọn ẹbí ọkọ lóhùn pé ara rẹ̀ kò yá, kò ní í fèsì kankan títí ara rẹ̀ á fi yá. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ àwọn àgbààgbà kò fi hàn pé ọkùnrin náà ti yí padà. N kò rí i nínú lẹ́tà yín pé òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, tàbí pé ó ń gba ìtọ́jú níbì kan. Ẹ sì rántí ohun tí mo sọ nípa ọrùn. Ìgbà tí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ irú ọkùnrin báyìí ni ewu máa ń pọ̀ jù, nítorí náà kó má dá lọ sí Ifẹ̀ láti kó ẹrù tó kù, kó má pàdé rẹ̀ níbi tí kò sí èrò.

Òfin wà níbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ẹ. Òfin VAPP, òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, sọ pé ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún mẹ́ta, ó ka èébú àti ìdẹ́rùbani sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fàyè gba ilé ẹjọ́ láti fi àṣẹ dá ọkùnrin dúró pé kó má sún mọ́ obìnrin náà. Ọ̀ṣun náà ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá abẹ́lé. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, máa ń gba irú ẹjọ́ yìí rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lówó. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bá ọlọ́pàá, wọ́n á sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Àmọ́ àbúrò yín ló máa sọ pé òun fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tí inú á ti máa bí nígbà tó bá ka ìdáhùn yìí.

Tó bá ti ń sùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan kékeré tó lè máa tà, ì báà ṣe ẹnu ọ̀nà ilé yín, ì báà ṣe Atákúnmọ̀sà lọ́jọ́ ọjà. Kí owó náà wọ ọwọ́ rẹ̀, kó má sì sí ẹni tó máa béèrè lálẹ́ pé èló lo pa lónìí. Yóò ní ọjọ́ tó máa dà bíi pé ó ti yá pátápátá, yóò tún ní ọ̀sẹ̀ tó máa padà sórí ẹkún, pàápàá bí ọkùnrin náà bá pè. Ìyẹn kò sọ pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ẹ sì máa bá a lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé kan: ìgbà tí oorun ti dá lójú rẹ̀, oògùn tó ti lò títí kan àgbo, ọjọ́ tí wọ́n fún un lọ́rùn, àti bóyá ẹnì kankan nínú ẹbí yín ti ní ìsoríkọ́ rí. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ àtijọ́ dání bó bá ní i. Ẹ lè bá a lọ, ẹ bá a tò, ẹ bá a sanwó. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá pè é, ẹ bi í bóyá kí ẹ wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ní kí ẹ dúró síta, ẹ dúró síta, bó bá sì jáde, ẹ má bi í ní ohun tí wọ́n jọ sọ.